Ibi Ọmọ Tí Theresa Kò Sin

Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní agboolé wọn ní Iyamoye láti ọgbọ̀n ọdún, Theresa ló sin ibi wọn. Bí ọmọ bá ti ké, wọn á gbé ibi náà fún un, á gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, á sin ín jinlẹ̀ kí ajá má baà hú u, á sì gbàdúrà pé kí ẹsẹ̀ ọmọ náà mọ ọ̀nà ilé. Fáda ìjọ wọn mọ̀, kò bá a wí. Ìbítóyè, ọmọ àbúrò rẹ̀, nìkan ni kò sin tirẹ̀. Ìlú òkèèrè ni wọ́n bí i sí, wọ́n sì da ibi rẹ̀ nù. Ìbítóyè ti lo ọdún mẹ́sàn-án láì wálé, àní nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ẹ bá Theresa jiyàn títí, ohun tó mọ̀ ló mọ̀.

Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́ láti kékeré, èéyi ló bà á jẹ́. Ojú òsì kan ṣoṣo ló fi ń ríran, òun náà sì ni ewé àgbàdo gbígbẹ ha nígbà ìkórè. Dípò kó lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní kí Ayọ̀kẹ́mi, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, fún omi ọmú sí i. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ló fi ṣe é. Àgídí obìnrin yìí kò kéré! Ní ọjọ́ kẹfà, ojú náà ti funfun bí omi ògì, kò sì lè dá ìlẹ̀kùn mọ̀ lára ògiri mọ́.

Bùsọ́lá, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe tíṣà ní Isanlu, ló gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú ní Kabba. Dókítà Hephzibah ní àrùn tó bá ewé náà wá ti wọ awọ mímọ́ gaara tó bo iwájú ẹyinjú. Wákàtí wákàtí ni wọ́n ń kán oògùn sí i fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Egbò náà kò ràn mọ́, ṣùgbọ́n ó ti jẹ awọ náà débi pé ó kù díẹ̀ kó lu. Ọyẹ́ sì ń fẹ́, eruku gba gbogbo ìlú. Dókítà ti kìlọ̀ fún un kó má ṣe sín, kó má ṣe wúkọ́. Ẹ̀rù ba Theresa, ó fi aṣọ bo imú láti àárọ̀.

"Okun o, Màmá," ni dókítà fi kí i lédè ilẹ̀ wọn. "Ohun kan wà tí a lè ṣe lónìí. Tẹ́lẹ̀, a kì í rí i nítòsí. A ó fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lẹ ojú náà kó tó lu. Awọ tó máa ń wé ọmọ nínú oyún ni. Ìyá kan tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún ló fi tọrẹ, wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò pé kò lárùn."

"Lára ibi ọmọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Níbo ni wọ́n sin ìyókù sí?"

Dókítà ní òun kò mọ̀. Theresa dìde, ó ń táràrà wá ìlẹ̀kùn. "Bùsọ́lá, mú mi relé. N kò ní gba ojú lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

"Iye!" Bùsọ́lá fi igbe pe ìyá rẹ̀. "Ta ni yóò máa fà yín lọ́wọ́ lọ sí ṣáláńgá? Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí wọ́n bá yín gbé korobá omi!" Inú ń bí i, ó sì ń sunkún.

Bí Theresa ti fẹ́ fèsì, ó sín. Ìrora gba orí rẹ̀ kọjá, omi gbígbóná sì ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Dókítà tan iná sí ojú náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Omijé ni. Kò tíì lu. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún sín, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà."

Theresa jókòó. "Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, nígbà wo lẹ ó yọ ọ́?"

"A kì í yọ irú èyí. Yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ mọ́ yín lójú ni."

"Ajá kò ní rí i?"

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. "Kò ní jáde lára yín, Màmá."

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Wọn kì í sọ fún wa."

Theresa ní kí wọ́n ṣe é. Lórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n tó da aṣọ bò ó lójú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà tó máa ń gbà lẹ́yìn ilé. Nígbà tó dé ibi tó yẹ kó ti dárúkọ ilé ọmọ náà, ó dúró. Kò mọ ilé rẹ̀. Ó bá dárúkọ ilé tirẹ̀ ní Iyamoye.

Ojú náà kò lu. Ó ń rí ìlẹ̀kùn báyìí, ó ń rí ọwọ́, ṣùgbọ́n kò tíì lè dá ojú èèyàn mọ̀. Dókítà ní bó bá jinná dáadáa, wọ́n lè rán awọ ojú tí ẹni tó ti kú fi sílẹ̀ sí i, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n, àwọn tó ń dúró dè é sì pọ̀. Theresa ní òun á dúró.

Nídìí àdúrà ìrọ̀lẹ́, ó máa ń dárúkọ àwọn ọmọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti Kabba dé, ó dárúkọ wọn tán, ó wá ní, "Àti ọmọ wa yẹn tí n kò mọ orúkọ rẹ̀." Àwọn yòókù ń wo ara wọn. Bùsọ́lá ló kọ́kọ́ ṣe Àmín.