Màámi Ló Ń Gbé Ìgò Mi Kiri Àdúgbò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ojú ń tì mí láti sọ èyí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún mi.

Ikọ́ ife ló ba apá kan ẹ̀dọ̀fóró mi jẹ́, làwọn dókítà bá gé e kúrò. Mo padà sílé ní Ayétòrò, mo ń retí àtipadà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Àfi bí mo ṣe fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí omi oníyọ̀ ru sókè sí mi lọ́fun. Mo wúkọ́ títí, omi yẹn ò tán.

Nígbà tá a dé ọsibítù, dókítà ní ojú ibi tí wọ́n rán lára ọ̀nà tí èémí ń gbà ló tú. Atẹ́gùn ń jò sínú àyà mi, omi inú àyà sì ń gbabẹ̀ bọ́ sọ́fun. Wọ́n ki rọ́bà bọ ìhà mi, wọ́n ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò omi, kí atẹ́gùn àti omi àyà lè máa gbabẹ̀ jáde. Bí mo bá ti mí, ìgò a máa hó bí omi orí iná. Wọ́n ní kí n ṣì máa gbé e lọ sílé, kí n lo oògùn, kí n jẹun dáadáa, kí n sì máa rìn. Ìgò ò gbọdọ̀ ga tó àyà mi o, kò sì gbọdọ̀ dà.

Ta ló fẹ́ rìn? Èmi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kí ní "sà"?

Màámi ti fi oko ẹ̀gẹ́ wọn sílẹ̀ ní Ilobi wá tọ́jú mi. Àwọn ló gbé ìgò náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà ga, wọ́n ní, "Ó yá, Lékan, jẹ́ ká lọ." Mo fẹ́ fà sẹ́yìn bí ẹni tí ò mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n rọ́bà so wá pọ̀. Ibo ni mo fẹ́ sá sí?

Wọn kì í sì í fi pamọ́. Ẹni tó bá bi wọ́n léèrè, wọn á ní omi àyà ọmọ àwọn ni.

Lọ́jọ́ kan, a pàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi méjì. Wọ́n kí wa, ojú wọn ò kúrò lára ìgò. Ọ̀kan rọra fọwọ́ bo imú. Bí wọ́n ṣe lọ tán, mo jágbe mọ́ Màámi pé kí wọ́n fi aṣọ bo nǹkan yẹn, pé wọ́n ń dójú tì mí.

Wọ́n gbé ìgò sílẹ̀, wọ́n na ẹ̀yìn, wọ́n wò mí.

"Lékan, nígbà tó o wà lẹ́yìn mi, tó ò ń tọ̀ sí mi láṣọ níwájú ìjọ, ṣé mo sọ pé o dójú tì mí?"

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé ìgò, a sì ń lọ.

Nígbà tá a padà sí ọsibítù, wọ́n kọ́kọ́ ti ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹnu mi wọlé, wọ́n fi nǹkan bíi gọ́ọ̀mù lẹ ojú ibi tó tú náà. Kò dúró. Ni wọ́n bá tún là mí, wọ́n yí iṣan ẹ̀yìn mi wọnú àyà, wọ́n fi dí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, dókítà ní kí n wúkọ́. Gbogbo wa ń wo ìgò. Kò hó. Ó ní kí n tún un ṣe. Omi dákẹ́ jẹ́ẹ́. Màámi bú sẹ́kún.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Àyà mi rì wọnú lápá kan, mi ò sì tíì lè bọ́ṣọ lójú èèyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àpá ló ń tì mí lójú jù. Ìyá àgbàlagbà ń bẹ̀rẹ̀ kiri àdúgbò kí n lè rí èémí mí, èmi ń wá aṣọ tí wọ́n máa fi bo ìgò.

Àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí omi bá ń ru sí yín lọ́fun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àyà, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró sílé, ẹ tètè padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má sì jágbe mọ́ ẹni tó ń bá yín gbé ìgò.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló dúró tì yín nígbà tójú ń tì yín? Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀ níbí, màá ka gbogbo rẹ̀.