Àpò Ẹyin Tí Mo Fún Màámi

Lánàá, aládùúgbò wa ní Ìkòròdú ń dín ẹyin ẹja. Bí òórùn rẹ̀ ṣe wọlé báyìí, ọkàn mi ti padà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lọ́sàn-án ọjọ́ tí Màámi ń la inú ẹja àrọ̀ tó fẹ́ yan. Ó fa àpò ẹyin méjì jáde, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́. Wọ́n tutù, wọ́n ń yọ̀.

"Màámi, kí ló dé tó fi jẹ́ méjì?"

"Bí Ọlọ́run ṣe dá abo nìyẹn. Èmi náà ní méjì tẹ́lẹ̀. Kí n tó bí ẹ ni dókítà yọ ọ̀kan."

Mo mọ àpá tó wà nísàlẹ̀ ìdodo rẹ̀. Mo ti rò pé ibẹ̀ ni mo gbà jáde. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo na àpò kan sí i.

"Ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Alhamdulillahi. Ọ̀kan tó kù náà ni mo fi bí ẹ."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àpò ẹyin kan nínú obìnrin lè ṣe iṣẹ́ àwọn méjèèjì, àti pé ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìbí mi ni wọ́n fi ń sọ fún un pé kò lè bímọ mọ́.

Nírọ̀lẹ́, ó fi ata àti àlùbọ́sà dín àpò ẹyin tí mo fún un. Màámi tó máa ń bu ẹyin ẹja tirẹ̀ sínú àwo mi kò bu èyí fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí bàbá mi nawọ́ sí i, ó gbé àwo rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ọmọ mi ló fún mi."