Eérú Tí Kò Tọ Ẹni Tó Dà Á

Ilé tí a háyà ní Nichelino, lẹ́bàá Torino ní Italy, dàgbà ju ọkọ mi lọ, àwọn méjèèjì ló sì ń wúkọ́. Ti ilé ń ti ìsàlẹ̀ wá, láti inú cantina, ìyẹn yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí oòrùn ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Caldaia kan ló jókòó síbẹ̀, ìkòkò irin ràgàjì tó ń mú omi tó ń gba inú páìpù lọ sí gbogbo yàrá gbóná. Gáàsì ni gbogbo àdúgbò fi ń yáná. Tiwa ń jẹ èédú, èyí tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, tó le bí òkúta. Ìyá arúgbó tó ni ilé sọ pé olóògbé ọkọ òun ló rà á, òun ò sì lè yọ ohun tí ọkọ òun fi sílẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi nílé pé tí òun náà bá máa fi ohun ìrántí sílẹ̀ fún mi, kó jẹ́ nǹkan tó fúyẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn ó ṣì lè rẹ́rìn-ín kí ikọ́ má bá a dé ìdí ẹ̀rín náà.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkẹfà gan-an, mo kàn jókòó tì í ni. Oúnjẹ ilẹ̀ wa ni mò ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ọkọ mi ní tiẹ̀ ṣiṣẹ́ ní fonderia, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin tí wọ́n sì ń dà á sínú yẹ̀pẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí àyà rẹ̀ fi kọ̀. Nígbà tí òtútù ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀, dókítà àyà sọ fún wa pé kò gbọdọ̀ sí eruku nínú ilé tó ń gbé. Tí eruku bá ṣì wà, kó máa lọ bá ọmọ wa obìnrin ní Parma. Ọmọ náà, ìhín la bí i sí, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ tòmátò sínú agolo ló ń bá ṣiṣẹ́, ilé rẹ̀ sì mọ́ bí ilé ìwòsàn.

Mi ò fẹ́ kó lọ. Èmi àti ọkùnrin yìí ti jọ gbé Via Anelli ní Padova, àdúgbò àwa àjèjì, kí ìjọba tó mọ ògiri yí i ká, yàrá kan, aṣọ ìkélé méjì, ìdílé mẹ́ta. A ò pín níyà níbẹ̀. Ṣé kí n wá máa wo eérú lásán kó pín wa? Mo ní kí eérú dán an wò.

Eérú èédú kì í ṣe ẹgbẹ́ eérú igi. Ti igi máa ń jókòó síbi tó bá bọ́ sí. Ti èédú ń rìnrìn àjò. Àràárọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ fa pẹrẹsẹ irin, ìyẹn àwo tí eérú ń bọ́ sí lábẹ́ iná, jáde kí n da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, àràárọ̀ ló sì ń gun àtẹ̀gùn ṣáájú mi. Ó wà lórí ìrọ̀rí, ó wà nínú ife. Mo kó gaàrí kan láti ilé lọ sí ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan wò ó, ó bi mí bóyá ti Ìjẹ̀bú ni. Mo ní ti Torino ni. Ó sì rà á.

Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Wọn ò dé cantina mi. Èmi ni mò ń da eérú, ọkọ mi tó sùn sókè ló ń tọ̀.

Mo gbé abọ́ funfun kan sórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá rẹ̀. Láràárọ̀, n óò gun àga, n óò fi ìka fa ojú rẹ̀. Tí ìka bá kó eruku, eérú ló borí lọ́jọ́ náà.

Ọgbọ́n ìyá mi ni mo kọ́kọ́ lò. Kò sí ọmọbìnrin tó dàgbà nílé wa tí wọn ò kọ́ pé kó wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀, kí eruku lè sùn. Mo bu omi sínú abọ́ mìíràn, mo ṣí ilẹ̀kùn caldaia, mo sì ń fi ọwọ́ wọ́n ọn bí ẹni tó wà lójúde ìyá rẹ̀. Iná ò tíì kú tán. Eérú náà bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí mo gbá létí. Nígbà tí mo dé òkè, mo funfun láti orí dé ẹsẹ̀.

Ọkọ mi wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ta lẹ ń wá?"

"Ìyàwó yín ni, Dádì."

"Tèmi dúdú."

Ikọ́ gbé e lórí ẹ̀rín yẹn, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Eérú tí omi bà, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti gan mọ́ pẹrẹsẹ bíi sìmẹ́ńtì. Ọ̀bẹ tí mo fi ń gé iṣu fún àwọn oníbàárà ni mo fi ha á.

Lẹ́yìn náà, mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń fa ìdọ̀tí kápẹ́ẹ̀tì lọ sísàlẹ̀. Ó ń fi ẹnu fa eérú, ó ń fi ìdí tú u jáde, èyí tó tú jáde sì kúnná ju èyí tó fà wọlé lọ. Mo ròyìn fún ọmọ wa lórí fóònù. Ó ní, "Mamma, così lo ammazzi." Pé bí n óò ṣe pa á nìyẹn. Mo ní tó bá máa bú mi, kó fi Yorùbá bú mi. Ó fi Italian dáhùn pé Yorùbá òun ò tó o.

Bàbá kan wà ládùúgbò, Italian, tó ti fẹ̀yìn tì. Ó máa ń wá ra ata rodo lọ́wọ́ mi láti fi han ìyàwó rẹ̀ pé ọkùnrin lòun. Ilé ẹ̀kọ́ kan ló ti tọ́jú caldaia wọn láti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tí mo sọ tèmi fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di káńtà mú.

"Signora, o ń bá a jà. Ńṣe ló yẹ kí o tàn án."

Ó tẹ̀ lé mi wá sílé, ó sì fi hàn mí. Kí n jẹ́ kí iná rọlẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Kí n ṣí ewé irin tó wà lọ́rùn páìpù èéfín sílẹ̀ gbayawu, kí páìpù fúnra rẹ̀ máa fa eruku lọ sókè. Kí n fa pẹrẹsẹ bí ẹni tó ń gbé ọbẹ̀ tó kún dé etí fún àna rẹ̀. Kí n má ṣe dà á láti òkè: kí n sọ pẹrẹsẹ náà kalẹ̀ sínú garawa irin, kí n fi àpò tí mo rẹ lómi bo ẹnu garawa, kí n wá dojú pẹrẹsẹ dé lábẹ́ àpò, kí n sì dúró. Ó ní kí n ka Baba Wa Tí Ń Bẹ ní Ọ̀run lẹ́ẹ̀mejì, kí eruku lè sùn. Lẹ́yìn náà ni kí n dé e ní ìdérí, kí n gbé e jáde sórí òkúta ní àgbàlá, jìnnà sí igi, kí n má sì gbé e wọlé mọ́, torí iná tó feérú bojú kò tíì kú, èémí rẹ̀ sì ń pani láìpariwo. Ibẹ̀ ni kí n ti wọ́n omi sí i, tó bá ti tutù.

Ìyá mi ò kúkú purọ́. Ibi tí mo ti wọ́n omi ni kò dáa.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìka mi lọ sójú abọ́, ó sì padà bó ṣe lọ. Mo pe ọmọ wa, mo yangàn. Ọkọ mi ń wúkọ́. Mo ní eérú àtijọ́ ló kù nínú aṣọ fèrèsé. Mo fọ aṣọ fèrèsé. Mo gbé mátírẹ́ẹ̀sì síta, mo nà án bí olè. Abọ́ mọ́. Ọkọ mi ń wúkọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wà lórí àga, ó ń wò mí.

"Sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ kí o má ṣubú. Ó mọ́."

"Ó mọ́, Dádì."

"Ó ti ń mọ́ láti ọjọ́ yìí. Èmi ni mi ò mọ́."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ni kí n sọ? Gbé èmi náà síta kí o nà mí."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run má bínú, mo rẹ́rìn-ín lórí àga níbẹ̀.

Dókítà gbé fọ́tò àyà ọkọ mi sójú iná, ó ní eruku inú rẹ̀ kì í ṣe ti ilé yín, signora. Ti fonderia ni, ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kò sì ní í jáde. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un wò. Ó wù mí kó jẹ́ eérú mi ló fà á. Eérú, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kó o. Ó wá ní atẹ́gùn inú sílíńdà ló kù tí òun lè fún un, wọn kì í sì í gbé irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ sínú ilé tí wọ́n ti ń dáná èédú, torí ó lè mú kí ilé gbiná.

Ọmọ wa wá fi mọ́tò gbé e lọ sí Parma ní Sátidé. Ṣọ́ọ̀bù ló ń bọ́ wa, mi ò lè tẹ̀ lé wọn. Ọjọ́ Àìkú ni n óò máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kí i. Ó jókòó sí iwájú, ó so bẹ́líìtì, ó ní, "Má gbàgbé Baba Wa rẹ lẹ́ẹ̀mejì."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ wọ ọkọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí cantina. Mo ṣí ewé irin, mo rẹ àpò lómi. Mo wá bi ara mi pé nítorí ta ni. Mo fa pẹrẹsẹ yọ fìrì, mo sì dà á láti òkè. Eérú náà gun àtẹ̀gùn bó ṣe máa ń gùn ún.

Mo dúró, mo tẹ́tí sí òkè, mò ń retí ikọ́.

Nígbà tó pẹ́, mo gòkè, mo gun àga. Eérú ti bo abọ́. Mo fi etí ìró nù ún, mo gbé e padà síbi tó wà, èmi fúnra mi wá bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́.