Fèrè tí Tíṣà Akíndúró Sáré Fun

Tíṣà Akíndúró kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú nǹkan. Láti Ìkẹ́rẹ́ ló ti wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ n'Íbàdàn, Bódìjà ló ń gbé, ọmọ ìjọ Áńgílíkà sì ni. Tó bá di ọ̀sán Sátidé, rẹfirí ni. Ìwé òfin bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti gbó débi pé ó fi òwú rán an lẹ́yìn.

Lọ́dún 1964, ìjọ rẹ̀ bá àwọn Onítẹ̀bọmi Agbówó gbá àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àwọn ọ̀dọ́. Òun ni wọ́n ní kó fun fèrè. Àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ará ilé rẹ̀ ni yóò gbè. Ó gbọ́, ó sì dùn ún wọra.

Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí eré parí, Áńgílíkà ń fi góòlù kan síwájú, ni Onítẹ̀bọmi bá gba pẹ́náltì. Olúdọ̀tun, balógun wọn, ló fẹ́ gbá a. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bọ́ọ̀lù, aṣọ́lé Áńgílíkà ti fò kúrò lójú kan, òfin kò sì gbà á. Akíndúró kò fẹ́ kí wọ́n ní òun dijú sí ẹ̀ṣẹ̀ ará ilé òun. Ó fun fèrè lójú ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀lù wọlé. Ó ní kí wọ́n tún un gbá. Wọ́n tún un gbá, aṣọ́lé mú un. Áńgílíkà gba ife.

Nígbà tó délé, ó ṣí ìwé òfin. Bí aṣọ́lé bá ṣẹ̀, kí rẹfirí ní sùúrù. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, góòlù ni. Àfi bí kò bá wọlé ni wọn yóò tún un gbá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

“Bàbá Bọ́sẹ̀, ọbẹ̀ ti ń tutù,” ni Àrìnpé ìyàwó rẹ̀ wí.

“Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni mo fìyà jẹ.”

“Ta ló mọ̀?”

“Èmi.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó sọ fún Alàgbà Gbádérọ̀, olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ rẹ̀, pé òun yóò kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdíje náà kí wọ́n tún eré náà gbá.

“Tíṣà, ṣé wọ́n ti rì yín bọ omi l'Ágbówó ni?”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Akíndúró kò rín. “Rárá, sà. Ìwé ni mo kà.”

Ó kọ lẹ́tà náà, ó gba ẹ̀bi, ó sì ní kí wọ́n wá rẹfirí mìíràn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn kan nínú ìjọ kò kí i.

Ìgbìmọ̀ gbà. Lọ́jọ́ eré, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá bí òǹwòran. Olúdọ̀tun wá dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ káàsán, sà. Fèrè yín dà?”

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“A ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé ẹ̀yin náà la fẹ́, wọ́n sì ti gbà. Ẹlòmíì á ṣì í, kò ní sọ fún wa.”

Akíndúró fi ọwọ́ wá àpò ṣòkòtò rẹ̀. Fèrè náà wà níbẹ̀. Kò tíì lè fi í sílé.

Onítẹ̀bọmi borí lọ́jọ́ náà, Gbádérọ̀ sì fi ìkùnsínú gbé ife lé wọn lọ́wọ́. Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá ti fẹ́ gbá pẹ́náltì, bí Akíndúró bá ti fun fèrè pé kí wọ́n gbá a, ó ń yọ ọ́ kúrò lẹ́nu, ó ń mú un dání lọ́wọ́, títí yóò fi rí ibi tí bọ́ọ̀lù bá lọ.