Iyọ̀ Ìsàlẹ̀ Ìkòkò

Mo rántí òórùn àlùbọ́sà tí mo máa ń dín nírọ̀lẹ́, nígbà tí a ń gbé ní Pápá Àjàó, ní Mushin. Ìdajì àlùbọ́sà ni, pẹ̀lú epo tí kò ju kó kan ìdí ìkòkò lọ. Màá gé e wẹ́wẹ́, màá tan sítóòfù, màá sì jẹ́ kó pọ́n dáadáa kí òórùn rẹ̀ lè ti ilé ìdáná dé ẹnu ọ̀nà ìta. Lẹ́yìn náà màá da omi lé e, màá dé ìkòkò, màá sì dúró tì í bí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ jóná. Tí ẹnì kan bá ń kọjá, màá ṣí i díẹ̀, màá fi ṣíbí ro omi yẹn. Kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀.

Ilé tí yàrá dojú kọ yàrá ni, gbogbo wa la jọ ń lo ilé ìdáná kan àti balùwẹ̀ kan. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á ti mọ ohun tó o sè kó o tó bù ú. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú, títí wọ́n fi ní kí àwọn kan máa lọ sílé ná. Ó wà lára wọn. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé, pé òun máa ríṣẹ́ mìíràn láìpẹ́. Bó ṣe ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ jáde láràárọ̀ nìyẹn, tó ń wá iṣẹ́ alágbàṣe kiri. Tó bá rí i, a ó jẹun. Tí kò bá rí i, èmi a dín àlùbọ́sà mi. Àsìkò tí ọjà ń gbówó lórí gan-an ni, tí wàá ra gàrí lónìí, tó o bá padà lọ lọ́la, ẹni tó ń tà á á ti bojú jẹ́ kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Mo ka ìwé mẹ́wàá, mo sì gbà pé orí mi pé. Mo rò pé tí ẹnikẹ́ni ò bá ṣáà ti mọ̀, nǹkan ò tíì burú.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo la ní nígbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ́ ọ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, pé ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í jẹun kiri. Tí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ ọ́, kó kúnlẹ̀, kó ní, "Ẹ ṣé mà, mo ti yó." Tí kò bá dá a lójú, kó wo ojú mi. Ẹ mọ ojú tí mò ń sọ, ojú tí ìyá máa ń fi bá ọmọ sọ̀rọ̀ níwájú àlejò. Nígbà tí oúnjẹ wà nílé, ẹ̀kọ́ lásán nìyẹn. Nígbà tí oúnjẹ ò sí mọ́, mo tún mú òfin náà le sí i, torí mo mọ̀ pé tó bá lọ jẹun lọ́dọ̀ ẹnì kan, bó ṣe máa jẹ ẹ́ ló máa tú wa láṣìírí.

Àwọn ará ilé ń yìn ín. Àǹtí Onírun, tó ń dirun fún àwọn èèyàn lábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé wa, tí ẹnu rẹ̀ ò sì ní ìlẹ̀kùn, ló máa ń pariwo jù. "Ìyàwó, irú ọmọ wo lo bí yìí? Mo fún un ní búrẹ́dì, ó ń kúnlẹ̀ fún mi! Tó bá jẹ́ tèmi ni, á ti jẹ búrẹ́dì, á jẹ ọ̀rá tí wọ́n fi wé e mọ́ ọn." Orí mi á sì wú. Mò ń rẹ́rìn-ín, ikùn mi ń kùn lábẹ́ ìró.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń bà mí. Ọmọ tó máa ń sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n á fi kígbe mọ́ ọn ti ń jókòó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣeré. Olùkọ́ rẹ̀ ní ó ń sùn ní kíláàsì. Aṣọ ilé ìwé rẹ̀ ń yọ́ kúrò léjìká, mo fi pín-ìn-nì mú un, mo ní télọ̀ ló rán an tóbi. Bí mo bá ń wẹ̀ ẹ́, mi ò kì í wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Màmá kan wà nínú ilé náà tí a ń pè ní Màmá Ògbómọ̀ṣọ́, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Yàrá wọn ló sún mọ́ ilé ìdáná jù. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ mi ti ọ̀dọ̀ wọn bọ̀, ètè rẹ̀ ń dán. Mo tẹ̀ ba, mo gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Edé ni. Edé àti epo pupa.

"Ta ló fún ẹ lóúnjẹ?"

"Wọn ò fún mi lóúnjẹ, mà. Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ rán mi níṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo?"

"Wọ́n ní kí n bá àwọn tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò. Ẹnu wọn ò mọ iyọ̀ mọ́."

"Ẹ̀ẹ̀kan lo tọ́ ọ wò?"

Ó rò ó díẹ̀. Kì í purọ́. "Mo kọ́kọ́ tọ́ ti òkè wò. Wọ́n wá ní iyọ̀ ìsàlẹ̀ yàtọ̀ sí ti òkè. Wọ́n wá ní kí n mọ̀ bóyá iyọ̀ náà bá ẹ̀bà mu."

Ara mi gbóná. Gbogbo ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé wọ́n ti mọ̀. Mo fà á lọ́wọ́, a lọ sí ilé ìdáná. Àwọn obìnrin bíi mélòó kan wà nídìí sítóòfù wọn, Àǹtí Onírun náà wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn mi ò kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fún ọmọ mi lóúnjẹ mọ́. Ebi ò pa á."

Màmá ò gbójú kúrò lórí ìkòkò wọn. "Ta ló ní ebi ń pa á?"

Wọ́n fi ṣíbí ro ọbẹ̀ náà.

"Ẹnu mi ni ò mọ iyọ̀ mọ́, Ìyàwó. Ọjọ́ orí ni. Mo rán ọmọ níṣẹ́, ó jẹ́ ẹ."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Àǹtí Onírun bú sẹ́rìn-ín. "Àṣé ọmọ yìí ló ba ọbẹ̀ àná jẹ́! Iyọ̀ tí mo jẹ níbẹ̀, omi ni mò ń mu mọ́jú. Màmá, ẹ lé e níṣẹ́ jàre!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ má rán an níṣẹ́ mọ́, mà."

Ẹ̀rín náà gé. Kò sí ìyàwó ilé kan tó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà, pé kó má rán ọmọ òun níṣẹ́. Ó dà bí ìgbà tí mo pè wọ́n ní ẹni ibi. Màmá dé ìkòkò wọn, wọ́n ní, "Mo ti gbọ́," wọ́n wọ yàrá wọn lọ.

Láti ìgbà yẹn, tí ọmọ bá ti ti ilé ìwé dé, mo máa ń ti ilẹ̀kùn wa. A ó jókòó sínú ooru, a ó máa gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń gún ata, bí wọ́n ṣe ń fọ àwo. Kò béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ọ̀sán Sátidé kan ló ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi ò sí nílé, kò sì rí nǹkan kan mú wálé lánàá. Ọmọ náà wà lórí ẹní, mo pè é kó wá gba omi mu, kò dìde. Mo tún pè é. Mo gbé e, orí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́yìn, òógùn tútù bò ó, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò wò mí. Ó fúyẹ́. Mo dìde pẹ̀lú rẹ̀, mo dé ìdí ilẹ̀kùn, mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, mo sì dúró. Mo dúró níbẹ̀, ọmọ wà léjìká mi, mò ń gbọ́ ohùn àwọn ará ilé lóde, mò ń ronú ohun tí mo máa sọ fún wọn pé ó ń ṣe é. Ibà. Màá ní ibà ni. Ọmọ náà mí, ó pẹ́ kó tó tún mí.

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo kígbe, "Màmá! Ẹ gbà mí o!"

Wọ́n jáde láì wọ bàtà. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ iyọ̀, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ ìjọ́sí. Wọ́n fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, wọ́n ní, "Kí ló jẹ kẹ́yìn?"

Gbogbo ilé ti pé. Mo ní, "Kò jẹun láti àná, mà. Kò sí oúnjẹ nílé wa. Ó ti pẹ́ tí kò ti sí."

Mo rò pé ilé máa wó lù mí. Kò wó. Àǹtí Onírun ti sáré lọ gbé ògì tó ń sè fún ara rẹ̀ wá, ó da ṣúgà sí i, ó ń fẹ́ ẹ, kò sì pa àwàdà kankan. Màmá gbé ọmọ lé itan, wọ́n gbé ṣíbí sí i lẹ́nu.

Ó pa ètè pọ̀. Ó wá ojú mi kiri títí ó fi rí i, ó sì sọ ọ́, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, "Ẹ ṣé mà. Mo ti yó."

Ó ń wo ojú mi, ó ń dúró kí n sọ fún un bóyá ó ṣe dáadáa. Mo la ẹnu kí n ní kó jẹun, ẹkún ló jáde. Nígbà tí mo máa rí ọ̀rọ̀ sọ, ohun tí mo sọ ni pé, "Ọmọ mi, bá Màmá tọ́ ọ wò. Ẹnu wọn ò mọ ṣúgà."

Ó la ẹnu.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì yè. Nígbà tí a padà délé, Màmá jókòó tì mí. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti ń gbóòórùn àlùbọ́sà mi, àwọn ò rí èèpo iṣu kan nínú garawa ìdọ̀tí wa, àwọn ò sì gbọ́ kí n tẹ ẹ̀bà. Wọ́n mọ̀ pé tí àwọn bá gbé oúnjẹ wá, mi ò ní gbà á. Wọ́n wá wá iṣẹ́ tí wọ́n lè rán ọmọ.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, àìsàn kan wọ ilé wa. Kò sí obìnrin tí ẹnu rẹ̀ tún mọ iyọ̀. Àǹtí Onírun á dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa ké, "Ta ló máa bá mi tọ́ ìrẹsì wò o? Ahọ́n mi ti kú!" Ẹni tó ń se ẹ̀wà á bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i ju bó ṣe máa ń sè é lọ. Kì í ṣe ọmọ mi nìkan ló ń lọ. Àwọn ọmọ yàrá kejì sí tiwa ń lọ, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà tó ń lẹ táyà, tó ń gbé nínú ilé wa, náà ń lọ, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mò ń dín àlùbọ́sà nínú ilé yẹn. Ọkọ mi padà ríṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù ní Ọ̀yìngbò, kò sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́. Ọjọ́ tí èmi náà kọ́kọ́ se odidi ìkòkò ọbẹ̀, mo tọ́ ọ wò, iyọ̀ rẹ̀ pé, mo sì jáde lọ pe àwọn ọmọ kí wọ́n wá bá mi tọ́ ọ wò.

A ti kó lọ sí Sùúrùlérè báyìí. Ọmọ mi ti ga dé èjìká mi. Mo máa ń gbọ́ lórí rédíò tí àwọn èèyàn ńlá bá ń sọ̀rọ̀ nípa ebi tó ń pa aráyé, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó àlìkámà, ìpàdé tí wọ́n ń ṣe. Mo máa ń gbàdúrà pé kí ọkọ̀ náà gúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà màá bu ẹ̀kúnwọ́ kan kún ìrẹsì mi.

Ìdílé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí òkè wa. Wọ́n ní ọmọbìnrin kékeré kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wá dá abọ́ padà, kí n tó ṣí ìkòkò, ó ti kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé mà, mo ti yó." Ó yá a lẹ́nu jù. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ tó fi ń yá a lẹ́nu bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ àná mo dúró nídìí àtẹ̀gùn, mo pè é. "Ọ̀rẹ́ mi, sọ̀ kalẹ̀ wá jíṣẹ́ fún mi. Wá bá mi tọ́ iyọ̀ wò, ẹnu mi ò mọ iyọ̀ mọ́."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọmọ mi tó ń ka ìwé lórí tábìlì ò gbójú sókè. Ó kàn na ọwọ́, ó mú abọ́ tó jinlẹ̀ jù, ó gbé e fún mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má gbàgbé ìsàlẹ̀ o. Iyọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀."