Ẹṣin Pupa Kọngílá Òkè-Afà

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba ní Ìsọlọ̀, tí owó epo ń pa àwọn kan bí ọtí, ẹ̀rù ẹṣin ń bà mí, iṣẹ́ ẹṣin sì ni mò ń ṣe. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, àwọn èèyàn sì gbà pé orí gàárì ni wọ́n bí mi sí.

Ọ̀gá mi, kọngílá kan ní Òkè-Afà, ló ra ẹṣin pupa, tó fẹ́ kó máa fo pákó fún àwọn àlejò òun wò. Orí àgbá epo méjì ni wọ́n gbé pákó ọ̀hún lé. Bí ẹṣin bá ti fẹ́ débẹ̀, ọkùnrin yìí á fa kòbókò yọ, á nà án nídìí. Ẹranko náà á wá bẹ́ sí eré àsápajúdé: lónìí á fò láti òkèèrè, lọ́la á sún mọ́ pákó jù, á fi pátákò gbá a dànù. Kọngílá ní bí ẹṣin bá gbá pákó lójú àlejò òun, alápatà ló máa gbà á.

Inú bí mi, àmọ́ ẹ̀rù ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan tí kọngílá ò sí nílé, mo gun ẹṣin náà kó lè kọ́ fífò, mo sì bẹ̀rẹ̀ àsíkírì, mò ń pe orúkọ Ọlọ́run léraléra, torí mo rò pé ikú dé. Bí ohùn mi ṣe ń lọ déédéé ni ẹsẹ̀ ẹṣin bá tẹ̀ lé e: kò kánjú, kò fà, ìṣísẹ̀ kan ò gùn ju èkejì lọ. Ó dé ìdí pákó, ó fò ó bí ẹni ré gọ́tà kọjá. A padà, ó tún fò ó bákan náà. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ní, "Áfà orí ẹṣin, ẹ bá wa ṣàdúà sí búlọ́ọ̀kù wa kó má fọ́."

Ọjọ́ àlejò pé. Èmi àti ẹṣin ń bọ̀ jẹ́jẹ́ síbi pákó, àsíkírì ń lọ.

"Ṣé ìsìnkú lò ń lọ ni?" kọngílá bi mí. "Jẹ́ kó sáré."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ má nà án. Bó ṣe máa ń fò ó nìyí."

Ó nà án. Ẹṣin ta síwájú, ó fò nígbà tí kò tíì yẹ, ó já lé pákó. Èmi bọ́ sínú iyanrìn, ẹsẹ̀ tirẹ̀ kán. Ẹ mọ ohun tí ọkùnrin náà sọ fún àwọn àlejò, bíà lọ́wọ́? "Ẹ jókòó. Lọ́la màá ra méjì."

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló kún ibẹ̀ báyìí, mọ́tò sì ni olówó fi ń yangàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí ọ̀gá tó ń jágbe mọ́ dírẹ́bà tó ń wakọ̀ jẹ́jẹ́ pé kó sáré, inú á tún bí mi bíi tàná. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé mo ti dàgbà, mo sì máa ń bú u sójú ẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti kọjá.