Nígbà Tí Àdín Dé Ọ̀fun

Oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ kó tó kú, lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́, ni mò ń dá gbé. Ìbínú ni mo fi kúrò lọ́dọ̀ màmá mi, torí ó ní kí n padà síléèwé. Ohun tí mo sọ sí i lọ́jọ́ náà kò ṣe é tún sọ.

Nígbà ọyẹ́, kàtá mú mi. Mo ń fun imú kíkankíkan, títí nǹkan fi dún "pọ́" nínú etí ọ̀tún mi. Ọyún wá ń sun jáde. Bí mo bá sọ̀rọ̀, inú orí ni mo ti ń gbọ́ ara mi, bí ẹni tó ki orí bọ ìkòkò. Kò sì sẹ́ni tí mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní àdín, ṣùgbọ́n tí mo bá dá kán an sétí, ọrùn ni gbogbo rẹ̀ ń ṣàn sí.

Ni mo bá pe màmá mi. Kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Máa bọ̀ ní ulé."

Ó yọ́ àdín, ó gbé orí mi lé itan, ó kán an. Nílé tiwa, bí àdín etí bá dé ọ̀fun, àìsàn ti lọ nìyẹn.

"Ṣé o ti ń tọ́ ọ wò?"

Mo gbé itọ́ mì. "Ó ti dé, màmá."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ọmọ tó ní òun ti gbọ́n ju ìyá òun lọ!"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n etí ò là. Mo lọ sílé ìwòsàn, mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé àdín mà ti dé ọ̀fun.

"Kò yẹ kó débẹ̀, bùrọ̀dá."

Ó ní ọ̀nà tóóró kan wà láti inú etí lọ sẹ́yìn imú, níbi tí imú ti pàdé ọ̀fun. Afẹ́fẹ́ ló ń gbabẹ̀. Awọ kan ló sé e lápá òde. Kàtá gba ọ̀nà náà gòkè, ó di ọyún, imú tí mò ń fun sì tì í. Awọ náà ti ya, ibẹ̀ ni àdín gbà kọjá. Ó lè padà dí, bí omi tàbí àdín ò bá wọ̀ ọ́ mọ́. Ó sì lè má dí.

Nígbà tí mo délé, àdín ti wà lórí iná. "Wá sùn síbí." Kí n tó wálé, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn mí lórí. Ó wù mí kí n dákẹ́.

"Ẹ má kán an mọ́, màmá. Ó ti luhò."

"Èmi ni mo lu ú?"

"Rárá o. Kí n tó wálé ni. Imú tí mò ń fun ni."

Ó pa iná. Ó jókòó sápá ọ̀tún mi, ó sọ nǹkan kan, n ò gbọ́. Ó gbé àga rẹ̀ wá sápá òsì mi, ó tún un sọ: "Ṣé o ti jẹun?"